Ibi Tí Ọkọ̀ Abiyamọ Wà

Ká ní ẹ dé Karu, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Abuja, lọ́dún tó kọjá, tí ẹ ń bèèrè ilé Titus Babalọlá, wọ́n á kàn máa wò yín lójú ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá ní Bàbá Péjú lẹ ń wá, àwọn ọmọdé á fà yín lọ́wọ́ dé ẹnu géètì. Ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ni ọkùnrin náà fi jẹ́ orúkọ yẹn, láti ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ ti bí ọmọbìnrin wọn, Adépéjú, tí kò sì bí òmíràn mọ́. Òun fúnra rẹ̀ a máa sọ pé Titus ni ìjọba mọ òun sí, Bàbá Péjú ni òun ń jẹ́. Bí ẹ bá pè é ní Titus lójú pópó, ó lè máà yíjú.

Ọmọ kan ṣoṣo ni, ẹ sì mọ bí ti ọmọ kan ṣoṣo ṣe ń rí. Péjú kàwé nípa ẹ̀rọ ní Minna, ó jáde, ó jókòó sílé fún ọdún mẹ́ta, ó ń kọ̀wé wáṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò fèsì. Ọlọ́run ṣe é, tẹ́tẹ́ físà Amẹ́ríkà mú un, nígbà tí àwọn ará Nàìjíríà ṣì láǹfààní láti ta á. Ó dé ọ̀hún, ó fọ abọ́, ó tọ́jú arúgbó, lẹ́yìn náà ló wọṣẹ́ ológun ojú omi. Irin ló wù ú, kò ka ìbọn sí. Wọ́n kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń jó irin, bí wọ́n ṣe ń gé e, bí wọ́n ṣe ń gbẹ́ ẹ dé ìwọ̀n fọ́nrán irun, wọ́n sì fi í sí ṣọ́ọ̀bù ìtúnṣe nínú ọkọ̀ kan.

Ọkọ̀ náà ni ẹ fẹ́ gbọ́ nípa rẹ̀. Ọkọ̀ tó ń tọ́jú àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi ni. Bí ọkọ̀ abẹ́ omi bá rìn títí tí nǹkan inú rẹ̀ bàjẹ́, tí oúnjẹ fẹ́ tán, tí ara àwọn tó wà nínú rẹ̀ kò yá, kò dìgbà tó bá padà sílé. Ọkọ̀ ńlá yìí á lọ bá a níbi tí wọ́n bá fi àdéhùn sí, á so ó mọ́ ẹ̀gbẹ́ ara rẹ̀, á fún un ní iná, omi, oúnjẹ, oògùn àti ohun ìjà. Bí irin kan bá ṣẹ́ tí kò sí irú rẹ̀ nílẹ̀, ẹni bíi Péjú ni yóò gbẹ́ òmíràn. Bàbá Péjú wá orúkọ tí Yorùbá ń pè é, kò rí, ló bá sọ ọ́ ní ọkọ̀ abiyamọ.

Ọkùnrin tó mọ̀wé ni o. Ọdún márùndínlógójì ló fi ṣiṣẹ́ ní yàrá tí wọ́n ń kó ìwé àti fáìlì sí ní iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ kan níbí, ìwé kò sì jẹ́ kó rí ara gbé sílẹ̀ títí tó fi fẹ̀yìn tì. Gbàrà tó gbọ́ irú ọkọ̀ tí ọmọ rẹ̀ wà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ jókòó ṣèdánwò. Ẹni tó sì ń fi ìmọ̀ náà dá lágara ni Àlímátù, obìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ta mílíìkì àti bisikíìtì lẹ́gbẹ̀ẹ́ géètì rẹ̀.

"Ní nǹkan bí ọgọ́fà ọdún sẹ́yìn," báyìí ni yóò ṣe bẹ̀rẹ̀, yóò ti fa àga rẹ̀ sún mọ́ tábìlì ọjà, "ọkọ̀ abẹ́ omi kéré, ó há, kò sí ibi ìdáná gidi, kò sí ibi tí èèyàn á nà sí. Bí wọ́n bá tibi iṣẹ́ dé, ọkọ̀ ńlá kan ni wọ́n ń gùn lọ sùn. Ọkọ̀ ogun tó ti gbó, ọkọ̀ akẹ́rù tí kò níṣẹ́ mọ́, ni àwọn ìjọba fi ń ṣe é."

"Ọkọ̀ tokunbọ̀," ni Àlímátù á dáhùn, á máa wọn ṣúgà fún oníbàárà.

"Tokunbọ̀ ni. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì dé, ó wá di nǹkan ńlá. Ọkọ̀ abẹ́ omi ń jà ní ọ̀nà jíjìn, bó bá ní kóun padà sílé fún àtúnṣe, oṣù méjì lọ nìyẹn. Ọkọ̀ abiyamọ á lọ jókòó sí èbúté ilẹ̀ òkèèrè, wọ́n á máa ti ojú ogun wá bá a, wọ́n á tún padà. Lẹ́yìn ogun, òmíràn jókòó sínú apá òkun kan tó wọnú ilẹ̀ ní Scotland. Bí ọ̀kan bá lọ, èkejì á rọ́pò rẹ̀, ọgbọ̀n ọdún ni wọ́n fi ṣe bẹ́ẹ̀."

"Ọgbọ̀n ọdún nínú òtútù. Kai. Kò ha ń jà ni?"

"Ìbọn rẹ̀ kò tó nǹkan."

"Ìyá ń fọṣọ, ọmọ ń jà nígboro. Mo mọ irú ilé bẹ́ẹ̀." Àlímátù rẹ́rìn-ín. "Bàbá Péjú, ẹ ra bisikíìtì o, ìtàn kì í yó mi."

Ó máa ń rà. Ó sì tún máa ń sọ apá tó dùn ún jù nínú ìtàn náà, pé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń tán láyé. Ọ̀pọ̀ ìjọba ti kọ́ èbúté ìgbàlódé fún ọkọ̀ abẹ́ omi wọn, wọ́n sì ti ta àwọn abiyamọ fún àwọn tó ń gé irin àlòkù. Ìwọ̀nba díẹ̀ tó kù, Péjú rẹ̀ wà nínú ọ̀kan. Á wá gbé àga rẹ̀ wọlé bó bá ti sọ ìyẹn tán, nítorí ọdún mẹ́wàá ni kò ti fojú kan ọmọ náà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kí n tó lọ síwájú, kí ẹnikẹ́ni má bàa ní ọkùnrin yìí kò mọ̀. Ó mọ̀. Péjú fúnra rẹ̀ ti là á yé e lórí fóònù ní Sátidé kan.

"Dádì, kò sẹ́ni tó ń rí ọkọ̀ abẹ́ omi. Ìdí tí wọ́n fi kọ́ ọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ tiwa, gbogbo ayé ló ń rí i. Bí èèyàn bá ti mọ ibi tí àgbébọ̀ ń lọ, ó ti mọ ibi tí àwọn òròmọdìẹ máa pé sí. Ẹ ò ní í bi mí níbi tí à ń lọ, àbí?"

"Kí ni mo fẹ́ fi ṣe," ni bàbá rẹ̀ wí. Ó tilẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ àgbébọ̀ yẹn sínú ìwé rẹ̀, ó sì sọ ọ́ fún Àlímátù. Ọkùnrin tó ti ru fáìlì àṣírí fún ìjọba fún ọdún márùndínlógójì, tí kò jẹ́ kí ìyàwó tó ń bá a sùn mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, ṣé irú ẹni bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń kọ́ ní pípa ẹnu mọ́?

Ìjọ tó ń lọ ni ẹ kò tíì mọ̀. Ìjọ kékeré ni, lẹ́yìn ọjà Karu, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ló pọ̀ níbẹ̀. Pásítọ̀ Paul tó jẹ́ olórí wọn ti kọ́ wọn pé àdúrà tí kò bá ní àdírẹ́sì, ọ̀nà ló ń sọnù sí. Orúkọ ẹni, ibi tó wà, ọjọ́, wákàtí, gbogbo rẹ̀ gbọ́dọ̀ pé. Ó ní obìnrin kan bẹ Ọlọ́run kó fún àbúrò òun níṣẹ́ ní Abuja, kò sọ irú iṣẹ́, àbúrò sì ríṣẹ́ lóòótọ́, ó ń fọ́ òkúta ní Mpape, nínú Abuja kan náà. Gbogbo ìjọ rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n wọ́n gbà á gbọ́. Lọ́jọ́ Ìsinmi kejì oṣooṣù, wọ́n ń ṣe ohun tí wọ́n ń pè ní Àdúrà Àdírẹ́sì. Ẹni tó bá ní ẹrù á dìde, á ka gbogbo rẹ̀ sínú maíkì, ìjọ á sì fi ohùn gbé e lọ sókè.

Bàbá Péjú gbà á gbọ́ ju gbogbo wọn lọ, ìdí rẹ̀ sì burú. Nígbà tí Ìyá Péjú ń ṣàìsàn, ọdún kẹta tí ọmọ wọn ti lọ, gbogbo ìjọ ló ń gbàdúrà fún un pẹ̀lú orúkọ ilé ìwòsàn tó wà. Wọ́n gbé obìnrin náà lọ sí ilé ìwòsàn mìíràn lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Kò sẹ́ni tó rántí sọ fún ìjọ. Orúkọ ti àkọ́kọ́ ni wọ́n ṣì fi ń ké pe Ọlọ́run lọ́jọ́ Ìsinmi, wákàtí tí obìnrin náà kú sínú èkejì. Ẹ lè ní kò sí ohun tó kan ara wọn níbẹ̀. Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ sọ ọ́ fún Bàbá Péjú.

Báyìí ni oṣù Kẹsàn-án dé. Péjú pè, ohùn rẹ̀ dùn. Wọ́n ti buwọ́ lu ìsinmi rẹ̀, ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejìlá ni yóò balẹ̀ sí Abuja, ọjọ́ mọ́kànlélógún gbáko ni yóò lò. Bàbá rẹ̀ ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ. Ọkùnrin náà jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kò tilẹ̀ wá àga.

"Ṣùgbọ́n mi ò ní lè pè yín fún ìgbà díẹ̀," ni Péjú wí. "À ń lọ síbì kan. Ọ̀nà rẹ̀ jìn."

"Níbo?"

"Dádì."

"Mo kàn bèèrè ni. Ṣé ojú omi ibẹ̀ dára?"

"Mi ò lè sọ. Ọlọ́run mọ ibi tí mo wà."

"Ọlọ́run mọ̀, ṣùgbọ́n ó ní ká bèèrè. Péjú, kí ni mo fẹ́ sọ fún un? Kó bá mi tọ́jú ọmọ mi tó wà níbì kan? Orúkọ ilé ìwòsàn tí ìyá rẹ kò sí nínú rẹ̀ mọ́ la fi ń gbàdúrà. O mọ bó ṣe parí. Ṣé kí n tún ṣe irú rẹ̀ ni?"

Kò yẹ kó sọ bẹ́ẹ̀ fún un. Ọmọ tí kò rí àyè wá sin ìyá rẹ̀, tó wo ìsìnkú lórí fóònù nínú ilé ìwẹ̀ níbi iṣẹ́, èèyàn kì í fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gún un. Ohùn Péjú wálẹ̀. Ó dárúkọ erékùṣù kan. Ó sọ ọjọ́ tí wọn yóò dé ibẹ̀. Ó ní ọkọ̀ abẹ́ omi méjì ni yóò wá bá wọn níbẹ̀.

"Ẹ̀yin nìkan, Dádì."

"Ta ni mo tún fẹ́ sọ fún?" ni bàbá rẹ̀ dáhùn. Tọkàntọkàn ló sọ ọ́.

Èmi tí mò ń ròyìn yìí, n kò ní dárúkọ erékùṣù náà. Ẹnu tó dárúkọ rẹ̀ ti rí ohun tó rí.

Ọjọ́ Ìsinmi kejì oṣù pé. Bàbá Péjú kò gbèrò láti dìde, ó bá ara rẹ̀ ṣàdéhùn láti ilé. Ṣùgbọ́n obìnrin kan dìde ṣíwájú rẹ̀, ó ka àdírẹ́sì ọmọ rẹ̀ tó ń ṣàìsàn, ó ka nọ́ńbà ibùsùn tó wà nínú wọ́ọ̀dù, ìjọ sì gbé e, ohùn wọn mi páànù òrùlé. Ẹsẹ̀ ọkùnrin yìí gbé e dìde. Ẹ bínú sí i tó bá ṣe yín bẹ́ẹ̀, èmi náà bínú sí i, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé nínú ọkàn tirẹ̀, kò sí èèyàn kankan níbẹ̀ tó ń bá sọ̀rọ̀. Òfófó ni èèyàn ń ṣe fún èèyàn. Ọlọ́run ni òun ń fún ní àdírẹ́sì, ìjọ kàn ń bá òun gbé e ni.

Ó gba maíkì. Ó dárúkọ ọmọ rẹ̀ ní kíkún. Ó dárúkọ ọkọ̀. Ó dárúkọ erékùṣù, ó dá ọjọ́, ó ní ọkọ̀ abẹ́ omi méjì ń bọ̀ wá jẹun lọ́wọ́ ìyá wọn níbẹ̀. Ó wá gbójú sókè, ó ní, "Olúwa, òkun tí ọmọ mi ń rìn lórí rẹ̀, kó máa pọ̀n ọ́n bí ìyá rẹ̀ ṣe pọ̀n ọ́n. Kó má sọ ọ́ kalẹ̀ títí yóò fi délé." Àmín tí ìjọ ṣe lọ́jọ́ náà, ó pẹ́ kó tó rọlẹ̀. Bàbá Péjú jókòó, ọkàn rẹ̀ fúyẹ́, ó sì sùn dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì.

Jemimah ni ọmọbìnrin tó ń mójú tó fídíò ìjọ. Ọmọ dáadáa ni, kò sí ibi kankan nínú rẹ̀. Àdúrà náà wọ̀ ọ́ lára débi pé ó gé e yọ, ó fi àwòrán ọkọ̀ ológun kan tó rí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ṣe ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ó sì gbé e sí ojú òpó ìjọ lórí Fesibúùkù kó lè gbé ìgbàgbọ́ àwọn ẹlòmíràn ró.

Àlímátù ló kọ́kọ́ fi han bàbá náà, lọ́jọ́ Wẹ́sidé. Kò rẹ́rìn-ín. Ó na fóònù sí i lórí tábìlì ọjà.

"Ẹ̀gbọ́n mi ló fi ránṣẹ́ láti Ìlọrin. Ó ní kí n wo bí bàbá àgbàlagbà kan ṣe ń gbàdúrà, pé ó pa òun lẹ́kún. Ó ti dé Ìlọrin kó tó dé ẹ̀gbẹ́ géètì yín." Ó wò ó. "Bàbá Péjú, ṣebí ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé a kì í sọ ibi tí àgbébọ̀ ń lọ?"

Ọkùnrin náà fi sálúbàtà ilé rìn dé ṣọ́ọ̀ṣì, ó bá Jemimah níbi tó ti ń ká wáyà.

"Yọ ọ́," ló wí.

"Kí ni, sà?"

"Àdúrà mi. Yọ ọ́ kúrò níbẹ̀."

Jemimah rí ojú bàbá náà, ó yọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tó wá a wò, ó bá a lójú òpó mẹ́tàdínlógún mìíràn. Ẹnì kan ti fi àwòrán ilẹ̀ ayé sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó fa ìlà pupa lọ sí erékùṣù náà, ó kọ ọjọ́ náà sí i. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá Péjú ní kó dìde, pé kì í ṣe ẹ̀bi rẹ̀, ó sì fi ọwọ́ ti ògiri jáde.

Lọ́jọ́ kejì ni nọ́ńbà àjèjì kan pè é. Ọkùnrin kan tó ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ohùn rẹ̀ rọ̀, kí i fún ọmọ rere tó bí, ó sì bèèrè bóyá ọkọ̀ náà yóò pẹ́ ní erékùṣù yẹn. Bàbá Péjú pa fóònù, ó gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí, ó jókòó lé ìrọ̀rí náà.

Ó fẹ́ kìlọ̀ fún ọmọ rẹ̀, kò mọ bó ṣe máa ṣe é. Gbogbo ọ̀rọ̀ tó kọ ránṣẹ́ sí i ló dúró lójú kan, kò wọlé. Ọjọ́ tí ọkọ̀ náà yẹ kó dé ibẹ̀ pé, ó kọjá. Oṣù Kẹwàá tán. Pásítọ̀ Paul gbọ́ pé ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀, ó fẹ́ ṣèrànwọ́, ló bá kéde ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta fún ọmọ náà, ó sì tún dárúkọ ọkọ̀ náà nínú maíkì. Bàbá Péjú sáré síwájú, ó fọwọ́ bo maíkì mọ́ pásítọ̀ lẹ́nu. Ìjọ ní ìbànújẹ́ ti fẹ́ dà á lórí rú.

Péjú pè ní oṣù Kọkànlá, ní ọ̀sán Sátidé.

"Dádì."

"Péjú. Péjú mi, níbo lo wà?" Ó gbọ́ ohun tó ti ẹnu rẹ̀ jáde, ó sì ṣe é bíi kó gé ahọ́n náà.

"Mo wà lórí ilẹ̀," ni ọmọ rẹ̀ dáhùn.

Ó ní wọ́n wá pe òun jáde nínú ṣọ́ọ̀bù, irin wà lórí ẹ̀rọ lọ́wọ́. Wọ́n mú òun wọ yàrá kan, wọ́n fi fídíò náà han òun.

"Wọ́n ní ta nìyí. Mo ní bàbá mi ni. Wọ́n ní kí n túmọ̀ rẹ̀ ní ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan. Mo túmọ̀ rẹ̀, Dádì. Mo dé ibi tẹ́ ẹ ti ní kí òkun pọ̀n mí, kí ó má sọ mí kalẹ̀. Wọ́n dá mi dúró níbẹ̀, wọ́n ní kí n tún un sọ, wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Wọ́n rò pé àrokò ni. Ìgbà mẹ́fà ni mo ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń pọn ọmọ."

Bàbá rẹ̀ fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù náà mú.

"Ọkọ̀ kò lọ síbẹ̀ mọ́. Wọ́n yí gbogbo rẹ̀ padà. Àwọn ọkọ̀ abẹ́ omi méjèèjì sì ti wà lọ́nà, wọ́n fi ọjọ́ mọ́kànlá dúró kí wọ́n tó rí wa níbòmíràn. Ẹnì kan ń ṣàìsàn nínú ọ̀kan, dókítà ọkọ̀ wa ló yẹ kó la inú fún un. Wọn ò sọ bó ṣe parí fún mi."

"Ṣé wọ́n lé ẹ níṣẹ́ ni?"

"Wọ́n gba káàdì mi. Mi ò lè wọ ọkọ̀ yẹn mọ́ láyé. Mò ń gbálẹ̀ ọ́fíìsì kan, mò ń retí ìdájọ́."

"Kérésì ńkọ́?"

"Kò sí Kérésì, Dádì."

Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé òun yóò kọ lẹ́tà sí àwọn ọ̀gá rẹ̀, pé òun mọ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé sí ìjọba, pé òun yóò gba gbogbo ẹ̀bi náà. Péjú dá a dúró.

"Ẹ má kọ nǹkan kan. Ẹ gbọ́ mi, torí mi ò ní lè tún un sọ. Ẹ má dárúkọ mi mọ́. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní àdúgbò, lórí fóònù. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín, ẹ má sọ pé ẹ lọ́mọ níbí. Bí orúkọ mi bá sì wà nínú ìwé owó ìfẹ̀yìntì yín, ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́. Wọ́n ń bi mí bóyá nǹkan kan wà tí mo máa jẹ lọ́dọ̀ ìjọba mìíràn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tún rí orúkọ mi níbì kankan níbẹ̀."

"Títí dìgbà wo?"

"Mi ò mọ̀."

"Mo lè gbàdúrà ṣá. Nínú yàrá mi. Mi ò ní gbé ohùn sókè."

Ó gbọ́ tí ọmọ náà mí.

"Ẹ má dárúkọ mi, Dádì."

"Ṣé o ń bínú sí mi ni?"

"Mi ò bínú. Ó ti rẹ̀ mí ni." Ó sì pa fóònù. Nọ́ńbà tó fi pè, nígbà tí bàbá rẹ̀ dán an wò lọ́jọ́ kejì, kò lọ mọ́.

Ọ̀sẹ̀ yẹn ni ọkùnrin náà ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń bẹ àwọn aládùúgbò pé kí wọ́n má pe òun ní Bàbá Péjú mọ́. Ẹ wo irú ẹ̀bẹ̀ tí àgbàlagbà ń bẹ̀. Àwọn kan rò pé ọmọ náà ti kú, wọ́n ń kí i kú àmúmọ́ra, kò sì lè sọ pé kò kú. Àlímátù kọ̀ jálẹ̀.

"Kí ni ká wá máa pè yín?"

"Titus."

"Ẹnu mi ò gbà á. Ẹni tó bímọ, mo máa wá pè é bí ẹni tí kò bí?" Ojú rẹ̀ ti kún fún omi, ó ń bínú sí i, ó ń káàánú rẹ̀, kò mọ èyí tó máa mú. Láti ọjọ́ náà, "Bàbá" lásán ló ń pè é. Kò sí ìtàn ọkọ̀ mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì. Ọkùnrin náà á ra bisikíìtì, á sanwó, á wọlé.

Kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Ibi tí wọ́n ti ń dárúkọ ọmọ olúkúlùkù, kí ni yóò jókòó ṣe níbẹ̀? Pásítọ̀ Paul wá bẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ọ̀tá ló wà nídìí ọ̀rọ̀ náà. Ọkùnrin náà sìn ín dé géètì. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, wọ́n ka orúkọ tirẹ̀ àti nọ́ńbà ilé rẹ̀ nínú Àdúrà Àdírẹ́sì, kí Ọlọ́run bá wọn mú un padà bọ̀ sípò.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù Kejìlá, ó lọ sí pápákọ̀ òfuurufú. Ó mọ̀ pé ọmọ rẹ̀ kò ní bọ̀. Ó dúró síbi tí àwọn èèyàn ti ń pàdé èèyàn wọn, ó wo gbogbo obìnrin tó gba ẹnu ọ̀nà náà jáde títí di ìrọ̀lẹ́, ó sì wọkọ̀ padà sí Karu.

Ní oṣù Kìíní ni ìjọba pe àwọn afẹ̀yìntì fún àyẹ̀wò ọdọọdún, kí kálukú wá fi ara rẹ̀ hàn pé òun kò tíì kú. Ó lọ láàárọ̀, ó tò sórí ìlà pẹ̀lú àwọn arúgbó ẹgbẹ́ rẹ̀ títí ó fi kàn án. Obìnrin tó jókòó nídìí kọ̀ǹpútà jẹ́ ọmọ Yorùbá, Hàlímàt lorúkọ tó wà láyà aṣọ rẹ̀, ó sì kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo àwòrán, ó gba ìka ọwọ́ rẹ̀. Ó wá dé ibi tí wọ́n kọ orúkọ àjogún sí.

"Adépéjú Babalọlá," ló kà. "Ọmọ yín nìyí, Bàbá? Àdírẹ́sì wọn nìkan ni kò sí níbí. Níbo ni wọ́n wà?"

Ọkùnrin náà gbé ọwọ́ méjèèjì lé tábìlì.

"Àṣìṣe ni orúkọ yẹn," ló wí. "Ẹ bá mi yọ ọ́."

"Àṣìṣe báwo? Orúkọ ìdílé yín náà ló ń jẹ́." Hàlímàt gbójú sókè wò ó. "Ta ni ká wá fi rọ́pò rẹ̀? Ọmọ yín mìíràn ńkọ́?"

"Mi ò bímọ."

Obìnrin náà kò tíì dàgbà tó ẹni tó máa mọ ohun tí wọ́n ń sọ fún àgbàlagbà tó bá sọ irú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà." Ó pa orúkọ náà rẹ́, ó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo, ó tẹ̀wé jáde kó lè buwọ́ lù ú. Ọkùnrin náà ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ kó lè rí i dájú pé kò sí níbì kankan mọ́. Ó buwọ́ lù ú.

"Titus Babalọlá," ni Hàlímàt pè, ó ń na ìwé rẹ̀ sí i, ọkùnrin náà sì dá a lóhùn lẹ́ẹ̀kan náà.